Ilé-Ìwé, Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti Iṣẹ́ Purogírámà: Àyẹ̀wò Ìtàn láti Nasarawa Gwong, Jos

Àṣamọ̀

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò ni bóyá ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ di purogírámà tó dáńtọ́. A wo ìtàn iṣẹ́ náà lókè òkun, ní Nàìjíríà àti ní ìlú Jos. Àdúgbò Nasarawa Gwong, níbi tí rògbòdìyàn àti ìyanṣẹ́lódì ti dá ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dúró léraléra, ni a fi ṣe òpó àlàyé wa. Ohun tí a rí ni pé iṣẹ́ náà ti wà kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó dé, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa kò kọ́ ọ láìsí ètò àti láìsí ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà. A dábàá pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ mú ètò ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ wọ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìfáárà

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe dókítà, kò sẹ́ni tó ń jiyàn bóyá ó yẹ kó lọ ilé-ìwé. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ṣe télọ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìwé-ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ purogírámà, ìyẹn iṣẹ́ ẹni tó ń kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, wà láàárín méjèèjì, ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá wọ yunifásítì kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ní ilé-ìwé ń fi ọjọ́ orí ọmọ ṣòfò ni, pé fóònù, dátà àti ìfaradà ti tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọwọ́ wa ni àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ girama ti ń jáde. Bí ohun tí à ń fún wọn kò bá wúlò, ó yẹ ká mọ̀. Bí ó bá sì wúlò, ó yẹ ká mọ ibi tó ti wúlò gan-an, kí a má baà di pákó mú kí a sì ju igi ẹlẹ́so nù.

Nasarawa Gwong àti Ìlú tí Iṣẹ́ Kó Jọ

Nasarawa Gwong jẹ́ àdúgbò kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Jos North. Iṣẹ́ ló sọ Jos di ìlú ńlá. Ìwakùsà tíìnì ló fa èrò lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ojú irin kékeré tó ti Zaria wá sì dé Òkè Jos ní 1914. Àwọn Afizere, Anaguta àti Berom ni onílẹ̀. Hausa, Ìgbò, Urhobo, Yorùbá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn wá bá wọn gbé. Àwọn Yorùbá tó wá jẹ́ oníṣòwò, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ojú irin àti oníṣẹ́-ọwọ́. Iṣẹ́ ni àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wọ̀nyí gbé lọ́wọ́ wá, pẹ̀lú ètò tí a fi ń kọ́ ọmọ ẹni àti ọmọ ẹlòmíràn ní iṣẹ́. A ó padà sórí ètò náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà tètè dé Jos. Ní 1971, University of Ibadan dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1975 ẹ̀ka náà di University of Jos. Ní 1971 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ Industrial Training Fund sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos títí di òní. Àjọ yìí ló bẹ̀rẹ̀ SIWES ní 1973, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìwé náà ń sọ. Ìbéèrè tí a gbé síwájú lónìí ti pé àádọ́ta ọdún, nítorí náà. Ìlú Jos gan-an ni wọ́n ti gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n sì rí ni pé kí ọmọ ilé-ìwé lọ jókòó ti ọ̀gá níbi iṣẹ́ fún ìwọ̀nba oṣù.

Iṣẹ́ Ti Wà Kí Ìwé-Ẹ̀rí Tó Dé

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ENIAC han aráyé ní Philadelphia ní February 1946, obìnrin mẹ́fà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Kò sí ìwé ìtọ́nisọ́nà fún wọn; àwòrán wáyà inú ẹ̀rọ náà ni wọ́n jókòó tì títí ó fi yé wọn. Grace Hopper, tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn purogírámù àkọ́kọ́ tó ń túmọ̀ àṣẹ sí èdè ẹ̀rọ ní 1952, kò kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kankan, nítorí kò tíì sí. Ọdún 1953 ni Yunifásítì Cambridge ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé-ẹ̀rí dípúlómà lórí iṣẹ́ náà, ọdún 1962 sì ni Yunifásítì Purdue dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ó hàn gbangba pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ni ní iṣẹ́ yìí kò ní ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má dúró síbẹ̀. Ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Ìmọ̀ ìṣirò ni ìpìlẹ̀ tí wọ́n bá wọ iṣẹ́ náà. Hopper ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yunifásítì Yale láti 1934. Wọn kò lọ ilé-ìwé kọ̀ǹpútà, àmọ́ ilé-ìwé ti kọ́ wọn láti ronú ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀dọ́ máa ń dárúkọ jù. Òótọ́ ni pé Bill Gates fi Yunifásítì Harvard sílẹ̀ ní 1975. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ilé-ìwé girama tó lọ ní Seattle ti ní ẹ̀rọ tó so mọ́ kọ̀ǹpútà láti 1968, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá. Linus Torvalds wà ní yunifásítì ní Helsinki nígbà tó kọ Linux ní 1991. Àwọn tí a ń fi júwe ẹni tó ṣàṣeyọrí láìsí ilé-ìwé, ilé-ìwé ló fún wọn ní ẹ̀rọ, àyè àti ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe é.

Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Rí ní Nàìjíríà

Kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìṣirò ìkànìyàn 1962 sí 1963. Ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ìkọ́ni kan sílẹ̀ ní University of Ibadan ní àkókò náà, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i: ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ló ń kọ́ni, inú ọgbà yunifásítì ló sì ti ń kọ́ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ àti ilé-ìwé ti jọ ń gbé nínú ọgbà kan.

Lẹ́yìn náà ni òfin àti ẹgbẹ́ dé. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ìlànà ìjọba lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jáde ní 1988. Òfin tó dá ìgbìmọ̀ CPN sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀ jáde ní 1993. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kejì ti so mọ́ ti àkọ́kọ́: yàtọ̀ sí ta ló mọ iṣẹ́, ta ni òfin gbà pé ó mọ̀ ọ́n? Ìbéèrè méjèèjì kì í sábà ní ìdáhùn kan náà.

Àpẹẹrẹ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá òde òní fi èyí hàn. Ṣọlá Akínladé, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Paystack sílẹ̀ ní 1965 + 50, ìyẹn 2015, kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Babcock University ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ilé-iṣẹ́ Stripe ra Paystack ní October 2020 ní iye tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ire Aderinokun ní tirẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìhùwà ẹ̀dá ní yunifásítì. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ bí a ṣe ń kọ ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí Google fún ní oyè akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wọn. Ọ̀kan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọlé, èkejì gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ló ti jókòó ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ́ tó láti mọ bí a ṣe ń kàwé, bí a ṣe ń bi ara ẹni léèrè, àti bí a ṣe ń parí ohun tí a bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ilé-Ìwé Bá Dá Dúró

Nasarawa Gwong ló jẹ́ ká mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi jẹ́ àríyànjiyàn lásán. Rògbòdìyàn ńlá ṣẹlẹ̀ ní Jos ní September 2001 àti ní November 2008. Ti 17 January 2010, Nasarawa Gwong gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìdílé sì kó kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ilé-ìwé a tì, kónílé-ó-gbélé a dé, ọmọ tó ń kọjá àdúgbò kan lọ sí ilé-ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́. Àwọn yunifásítì ìjọba náà dáwọ́ dúró láti March sí December 2020, àti láti February sí October 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ ASUU yanṣẹ́ lódì.

Ọmọ tí a bí sí Jos ní 1992 pé ọdún mẹ́sàn-án nígbà rògbòdìyàn àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà kejì, ó sì ń lọ sí méjìdínlógún nígbà kẹta. Ìgbà tó yẹ kó kọ́ ìdá àti ìpín, ìgbà tó yẹ kó kọ́ áljébrà, àti ìgbà tó yẹ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ ló ní àlàfo. Bí a bá ní láìsí ìwé-ẹ̀rí kò lè di purogírámà, a ti tì í mọ́ta nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí a bá sì ní kò nílò ilé-ìwé rárá, a ti sọ pé àlàfo náà kò já mọ́ nǹkan, èyí kì í ṣe òótọ́.

Ohun tó wá kún àlàfo náà ní Jos ni àwọn ibùdó ìkọ́ni bíi nHub, níbi tí ọ̀dọ́ ti ń kọ́ purogírámù láìjẹ́ pé ó ń lépa oyè yunifásítì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Plateau pàápàá gbé ètò Code Plateau kalẹ̀ ní àsìkò Gómìnà Simon Lalong. Ní October 2023, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT lábẹ́ Mínísítà Bosun Tijani, pẹ̀lú èrò láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ìlẹ̀kùn wọ̀nyí kò ga, ìyẹn sì dára. Ọmọ tí ilé-ìwé ti dá dúró lè gbà wọ́n wọlé.

Ṣùgbọ́n ìtàn Andela yẹ ní kíkà pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014. Kò pọn ìwé-ẹ̀rí kọ̀ǹpútà ní dandan. Ó ń ṣa ọ̀dọ́ tó lóye, ó ń kọ́ wọn, ó sì ń fi wọ́n sí iṣẹ́ àwọn oníbàárà lókè òkun. Ní September 2019, ó dá nǹkan bí 400 nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tíì dàgbà nínú iṣẹ́ dúró, nítorí àwọn oníbàárà ń béèrè ẹni tó ti gbó nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ lè mú ọ̀dọ́ wọ ọjà. Kí ó tó lè pẹ́ níbẹ̀, ó nílò ìjìnlẹ̀, ìjìnlẹ̀ sì ń gba ọdún.

Kí Ni Ilé-Ìwé Ń Fúnni Gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ọmọ kan kọ purogírámù tó ń wá orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú àkọsílẹ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ àkọ́kọ́, kí ó máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ bá jẹ́ àádọ́ta, ó yá. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, ó lè wo mílíọ̀nù kan kí ó tó rí i. Ẹni tó kọ́ ìpìlẹ̀ mọ̀ pé bí a bá ti to orúkọ ní ìlànà ábídí, ààrin ni a ó kọ́kọ́ wò. Bí orúkọ tí à ń wá bá wà lẹ́yìn rẹ̀, a ó pa ìdajì iwájú tì, a ó tún wo ààrin èyí tó kù. Báyìí, ẹgbẹ̀rún orúkọ kò ní gba ju ìwò mẹ́wàá lọ, mílíọ̀nù kan kò sì ní gba ju ogún lọ. Ọgbọ́n ìdajì-ìdajì yìí kò le. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ fúnra rẹ̀ kì í wá ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni láti gbé ohun tí ọmọ kò mọ̀ pé òun nílò ka iwájú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì wà fún ìhà kejì. Ọmọ ilé-ìwé kan gba A nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó kọ purogírámù tó ń ṣe ìṣirò èsì ìdánwò. Ó kọ ọ́, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá ṣe ìdánwò nítorí àìsàn ń gba òdo bíi ti ẹni tó wá tó sì kùnà pátápátá. Ìwé kò kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ láàárín «kò sí» àti «òdo». Ìgbà tí ọ̀gá níbi iṣẹ́ bá dá purogírámù náà padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni yóò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ohun tó burú jù ni ilé-ìwé tí kò fúnni ní èyíkéyìí nínú méjèèjì: níbi tí ọmọ ti ń ya àwòrán kọ̀ǹpútà sínú ìwé, tó ń há ìtumọ̀ sórí, tí kò sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí ó fi ṣe ìdánwò. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń sọ pé ilé-ìwé kò wúlò, irú ilé-ìwé yìí ni wọ́n ń sọ, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ètò Ẹ̀kọ́ Kò Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ilé-Ìwé

Àwọn Yorùbá ti yanjú apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọmọ tí a mú lọ kọ́ṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wù ú. Yóò gbálẹ̀, yóò mọ orúkọ irinṣẹ́, yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá, yóò ṣe iṣẹ́ kékeré lójú ọ̀gá, ọ̀gá yóò tú u, yóò tún un ṣe. Ọdún tí wọ́n dá ni yóò lò. Ìgbà tí ọ̀gá bá rí i pé ó mọ̀ ọ́n ni yóò gba òmìnira, lójú àwọn oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ Ifá pẹ̀lú ń tẹ̀ lé ìlànà: ojú odù mẹ́rìndínlógún ṣáájú, kí ó tó dé gbogbo odù 256. Kò sí pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò wà, olùkọ́ wà, àtúnṣe wà, ìdánwò sì wà.

Ibí yìí ni a rò pé àríyànjiyàn náà ti ṣìnà. Wọ́n fi ilé-ìwé sí ọ̀tún, wọ́n fi ìdákọ́ sí òsì, wọ́n ní ká mú ọ̀kan. Ìlà tó yẹ ká fà wà láàárín ẹ̀kọ́ tó ní ètò àti atọ́nisọ́nà, àti ẹ̀kọ́ tí kò ní. Ilé-ìwé tó ní méjèèjì ń mú purogírámà jáde. Ibùdó ìkọ́ni tó ní méjèèjì náà ń mú wọn jáde. Ẹni tó bá dá nìkan wà pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lè dé ibẹ̀, àmọ́ yóò pẹ́ lọ́nà, ọ̀pọ̀ ni yóò sì padà láàárín ọ̀nà.

Èdè náà wà lára ètò yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní Jos ló ń gbọ́ Hausa dáadáa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ń sọ èdè wa nílé. Bí olùkọ́ bá lè sọ fún ọmọ pé «máa ṣe é títí yóò fi pé mẹ́wàá» kí ó tó kọ àṣẹ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ọmọ Yorùbá kan ti ṣe èdè purogírámù tó ń jẹ́ Yorlang, tí àwọn àṣẹ inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá bíi «jẹ́ kí» àti «sọ pé». Èyí fi hàn pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ń ronú nínú purogírámù, ènìyàn ni.

Àbá

Lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE kọ purogírámù gidi kan tí ẹlòmíràn yóò lò, bíi ti èsì ìdánwò ilé-ìwé àfidánrawò, kí olùkọ́ sì máa dá a padà fún àtúnṣe títí yóò fi ṣeé lò. Kí máàkì wà fún àtúnṣe náà.

Èkejì, kí a pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìta, yálà wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí tàbí wọn kò ní, wá bá wa kọ́ni ní àwọn ọjọ́ kan nínú sáà.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣí ọ̀nà fún ọmọ tó ti mọ iṣẹ́ ní ìta láti padà wá gba ìpìlẹ̀ tí kò ní. Ìdánwò ìfihàn-iṣẹ́ lè ṣáájú, kí ó má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti «kí ni kọ̀ǹpútà».

Ẹ̀kẹrin, ní ibi tí rògbòdìyàn ti ń dá ilé-ìwé dúró, kí a ní ẹ̀kọ́ àfipamọ́ tí ọmọ lè máa bá lọ nílé, pẹ̀lú olùkọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ tí ọmọ lè pè. Ẹ̀kọ́ inú fóònù tí kò ní olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ìwé lásán.

Ìgúnlẹ̀

Ìwé-ẹ̀rí wúlò: òun ló ń mú ènìyàn wọ iṣẹ́ ìjọba, òun ló ń mú un tẹ̀ síwájú ní yunifásítì. A kò ní sọ fún ọmọ kankan pé kó sọ ọ́ nù. Àmọ́ ìwé-ẹ̀rí kì í kọ purogírámù. Ìtàn tí a tọ pinpin láti Philadelphia dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Jos, fi hàn pé ìpìlẹ̀ tó ní ètò, ẹ̀rọ lọ́wọ́ àti ẹni tó ń tún iṣẹ́ ẹni ṣe ló ń sọ ènìyàn di purogírámà tó dáńtọ́. Àwọn ọmọ Nasarawa Gwong tí ilé-ìwé ti tì mọ́ lójú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò béèrè pé ká pa ilé-ìwé rẹ́. Ohun tí ipò wọn ń béèrè lọ́wọ́ wa ni ilé-ìwé tí ohun gidi wà nínú rẹ̀, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣeé gbà wọlé padà.